Etí ń hó, èjìká gan, ahọ́n ń ta: perimenopause tí wọn ò sọ fún wa

Ti oru yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ bi ọmọbìnrin tí ò tíì ju ọmọ 20 ọdún lọ pàápàá, á sọ fún yín pé tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti ń palẹ̀ mọ́, oru á máa mú un lójijì, á máa làágùn nínú ẹ́ésì, á máa fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí ni pé etí lè máa hó, ahọ́n lè máa ta èèyàn láìjẹ ata, èjìká lè gan débi pé obìnrin ò ní lè wé gèlè fúnra ẹ̀, kó sì jẹ́ pé ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti ń wá. Torí náà lónìí mi ò ní pẹ́ lórí oru rárá, ẹ bá mi fi oru sílẹ̀.

Mi ò tíì pé 45 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan oṣù mi sì ń wá, ìyẹn gan-an ni ò jẹ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni lọ síbẹ̀. Lójú tiwa, ìgbà tí nǹkan oṣù bá lọ tí kò padà wá mọ́ ni menopause. Kò sì burú, àwọn dókítà náà ń dúró kí oṣù 12 pé láìrí nǹkan oṣù kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọdún tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní perimenopause, ó lè gba ọdún 4, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, àwọn míì sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó rìn jìnnà lẹ́yìn 40. Ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù, torí pé obìnrin ṣì ń rí nǹkan oṣù, ó ṣì lè lóyún pàápàá, kò sí ẹni tó máa wò ó kó sọ pé ìyá yìí ti ń kúrò ní kíláàsì kan bọ́ sí òmíì.

Èjìká òsì ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo kàn rí i pé tí mo bá fẹ́ fa síìpù aṣọ sókè lẹ́yìn, apá mi á dúró lágbedeméjì, kò ní lọ mọ́, mi ò sì ṣubú, mi ò gbé nǹkan wúwo. Nígbà tó yá kọmú ò ṣeé dè lẹ́yìn, iwájú ni mo ti ń dè é kí n tó yí i padà, ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí mò ń sọ. Òru ló wá burú jù, tí mo bá ṣèèṣì yí sí ẹ̀gbẹ́ yẹn, ìrora á gbé mi jí. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi wé gèlè, ó ní "Màámi, ẹ gbé apá yín sókè díẹ̀," mo ní kò gòkè, ó rò pé mò ń ṣeré. Frozen shoulder ni wọ́n ń pè é, àárín 40 sí 60 ló wọ́pọ̀ jù, àwa obìnrin ló sì ń mú ju ọkùnrin lọ, ó tún máa ń bá àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà jà gan-an. Ládùúgbò wa ṣá, làkúrègbé ni orúkọ ẹ̀, róbù ni wọ́n fi ń wò ó.

Ti ara wá tẹ̀ lé e. Mo dúró níwájú bọ́ọ̀dù, mò ń kọ ìṣirò fún àwọn ọmọ Primary 4 mi, ó ṣàdédé ń ṣe mí bíi pé èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi. Mo gbọn síkẹ́ẹ̀tì, mo wo ilẹ̀, kò sí èèrà kankan, àwọn ọmọ kàn ń wò mí. Nígbà tó ṣe ó gun orí, abẹ́ irun gan-an, tí nǹkan á máa rìn lọ rìn bọ̀, ẹ ó tú irun, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Etí ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ariwo tín-ín-rín kan báyìí tí kì í dákẹ́, ọ̀sán tó láriwo mi ò ní gbọ́ ọ, òru tí gbogbo ilé bá dákẹ́ òun nìkan ló máa wà nílé.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá wa, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Ọdẹ orí nìyẹn." Àwọn tó mọ ọdẹ orí á sì gbà pé ó jọ ọ́ lóòótọ́: nǹkan ń rìn nínú orí, ó ń rìn lára, etí ń hó, àyà ń lù kìkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roger Makanjuola, dókítà àìsàn ọpọlọ, tiẹ̀ ti kọ ìwádìí jáde lórí ẹ̀ láti 1987, pé bí àwọn Yorùbá tó ń bọ̀ wá sí ọsibítù ṣe ń ṣàlàyé ẹ̀ nìyẹn. Ẹ má gbọ́ mi ṣì o, mi ò ní gbogbo ọdẹ orí ni perimenopause, ọkùnrin náà ń ní in, ìrònú àti ìbànújẹ́ tó wọnú ara sì máa ń gbé e wá. Ohun tí mò ń sọ ò ju pé tí obìnrin tó ti lé ní 40 bá ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, kí wọ́n tó máa wá ẹni tó rán ọdẹ sí i, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan kọ́kọ́ bi í nípa nǹkan oṣù ẹ̀.

Ahọ́n ńkọ́? Tí mo bá jí láàárọ̀ kò sí nǹkan kan, tó bá fi máa di ọ̀sán ahọ́n á ti máa ta mí, ẹnu á gbẹ, omi lásán á máa dà bí omi inú agolo. Mo dín ata ọbẹ̀ kù títí àwọn ọmọ fi bèèrè pé ta ni ara ẹ̀ ò yá nílé. Ká má tíì sọ ti àyà tó máa ń lù lójijì nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀, tàbí ti ìtọ̀ tó ń gbọ̀n mí ní gbogbo ìgbà, tàbí ti aago mẹ́ta òru tí ojú á là kedere bíi pé ẹnì kan pè mí.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ti ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tíṣà, ẹnu la fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kí ọmọ kan bá mi mú dọ́sítà wá, orúkọ dọ́sítà ò wá. Mò ń nawọ́ sí i, mo ń wò ó, "bá mi mú... bá mi mú nǹkan tá a fi ń pa bọ́ọ̀dù rẹ́ yẹn." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé mo jókòó sínú yàrá mo ń ka orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bóyá ọpọlọ mi ṣì pé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ kó tó kú, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìgbàgbé irú èyí wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn obìnrin ìgbà yìí, pé àìrí oorun sùn wà lára ohun tó ń dá kún un, àti pé kì í ṣe bí àrùn ìgbàgbé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá wo bá a ṣe pín àìsàn mi káàkiri. Èjìká lọ sọ́dọ̀ ìyá elewé ọmọ. Àyà tó ń lù lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n wọ̀n ọ́n, kò ríru, wọ́n ní á jẹ́ pé ibà ni, ibà àti táífọ́ọ̀dù, ẹ ṣáà mọ̀ pé ní orílẹ̀-èdè yìí kò sẹ́ni tó wọ kẹ́míìsì tó jáde láìní táífọ́ọ̀dù. Etí lọ sọ́dọ̀ dókítà etí, wọ́n ní etí mi dáa. Ahọ́n gba fítámì. Ìbínú, torí ìbínú náà wà níbẹ̀ o, ìbínú tó jẹ́ pé bí Bàbá Tóbi ṣe ń jẹ ẹ̀pà lásán lè mú kí n fẹ́ jáde nílé, ìyẹn lọ sọ́dọ̀ pásítọ̀, wọ́n ní kí n gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ ò pa mí lára, àdúrà náà dáa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ gbogbo àwọn èèyàn yìí, ibi tí kálukú dúró sí ló ti ń wo nǹkan tiẹ̀, kò sí èyí tó rí gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀?

Àbúrò mi ló tú u. Nọ́ọ̀sì ni, Manchester ló wà, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ní alẹ́ Sunday. Mo kàn ń ráhùn lásán, mo mẹ́nu ba ti etí, mo mẹ́nu ba ti èjìká, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dúró ná. Nǹkan oṣù yín ń wá déédéé?" Mo ní ó ń wá. Ó ní "Mo ní déédéé." Mo wá ronú. Ó ti ń wá lẹ́yìn ọjọ́ 21 nígbà míì, nígbà míì á fo oṣù kan, tó bá sì wá, á wá bíi pé wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi. Mo ti ní aṣọ dúdú tí mò ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ń kọ owambe tó bá jẹ́ léèsì funfun ni wọ́n mú, mi ò kàn sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ni. Ó ní "Ẹ lọ kọ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé kan. Gbogbo ẹ̀ o. Ẹ má dá yàn fún mi pé ti ahọ́n ò kan ti ẹsẹ̀."

Ìwé kan yẹn ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ gbogbo èyí. Ẹ̀yìn exercise book àwọn ọmọ ni mo lò. Mo fi rúlà fa ìlà: ọjọ́ wo, kí ló ṣe mí, ṣé mo sùn, ṣé nǹkan oṣù wá, ó pọ̀ àbí kò pọ̀. Nígbà tí mo fi máa kọ ọ́ dé oṣù kejì, ojú ara mi náà là. Àwọn ọjọ́ tí àyà ń lù àti àwọn ọjọ́ tí ìbínú ń gbé mi, wọ́n ń rìn pọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù ni wọ́n máa ń kó ara wọn jọ sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi rèé. Estrogen, họ́mọ́ọ̀nù tí ilé ẹyin obìnrin ń ṣe, kì í ṣe ti oyún nìkan. Ó ń bá ọpọlọ ṣiṣẹ́, ó ń bá oríkèé, awọ ara, ẹnu, ojú, àpò ìtọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ló ní ibi tí wọ́n ti ń gbà á wọlé. Ní àwọn ọdún yìí, kì í lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ńṣe ló ń ṣe bíi iná NEPA: òní á mú yanran ju tàtijọ́ lọ, ọ̀la á ṣókùnkùn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ibi tí yóò ti hàn lára Ṣadé kọ́ ni yóò ti hàn lára Kẹ́mi. Ìdí kan náà nìyẹn tí tẹ́ẹ̀sì họ́mọ́ọ̀nù ò fi ń sọ nǹkan gidi. Ẹ ṣe é lónìí, ó dáa, ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ti yí. Ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú, gbé jáde fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2015 sọ ọ́ gbangba pé obìnrin tó bá ti lé ní 45 tó sì ní àwọn àmì yìí, ohun tó bá sọ ni kí wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn ò nílò tẹ́ẹ̀sì họ́mọ́ọ̀nù. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí láàbù kan bá fẹ́ gba owó gọbọi lọ́wọ́ yín fún "full hormone profile".

Ti àwa aláwọ̀ dúdú tún ní tiẹ̀. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní SWAN, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 1996, wọ́n ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin láti ọdún dé ọdún. Èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú ẹ̀ ní 2015 fi hàn pé lára àwọn tí oru yẹn àti òógùn òru ń bá jà, ó lé ní ọdún 10 kó tó lọ fún ìdajì àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú, ti ìdajì àwọn aláwọ̀ funfun ti máa ń lọ láàárín ọdún 6 ààbọ̀. Mo ní mi ò ní sọ ti oru, mo mọ̀, àmọ́ ẹ rí i pé kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fi eyín dì mọ́ pé kó kọjá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Mo mú ìwé mi lọ sí ọsibítù. Dókítà obìnrin kan ló gbà á, kò tíì dàgbà, ó lè jẹ́ ọmọ mi, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní "Màámi, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ kọ ọ́." Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ẹ̀ ni pé kò kàn sọ pé họ́mọ́ọ̀nù ni, ẹ máa lọ ilé. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá ó tó, ó yẹ thyroid wò, ìyẹn ẹṣẹ́ kan nínú ọrùn tó ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù, torí pé thyroid náà ń mú kí àyà lù, kí irun rẹ̀ dànù, kí oorun má wá. Ó yẹ ṣúgà wò nítorí èjìká. Ó ní kí n lọ ṣe scan, iju inú ilé ọmọ wà níbẹ̀, kékeré ni, òun náà wà lára ohun tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó ń wá wọ̀ọ̀. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, ti lọ sílẹ̀, á jẹ́ pé apá kan òòyì àti àyà tó ń lù yẹn, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á tán tẹ́ ẹ máa sọ pé "èmi náà ti mọ tèmi", ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì lọ ṣe àyẹ̀wò. Kì í ṣe gbogbo àyà tó ń lù lọ́mọ ọdún 46 ni perimenopause.

Oògùn irin ló kọ́kọ́ fún mi, àti èyí tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù lásìkò nǹkan oṣù. Èjìká lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, ìyẹn ń gba sùúrù, ògiri ni wọ́n ní kí n máa fi ìka gùn díẹ̀díẹ̀, nígbà míì omijé máa ń bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi sọ̀rọ̀ HRT, ìyẹn kí wọ́n fún èèyàn ní họ́mọ́ọ̀nù díẹ̀ padà. Ọ̀pọ̀ èèyàn nílé, dókítà míì pàápàá, tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀, jẹjẹrẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọdún 2002 ni ìbẹ̀rù yẹn ti wá, nígbà tí wọ́n dá apá kan ìwádìí Women's Health Initiative, ìwádìí ńlá tí wọ́n ti ń wo HRT, dúró ní Amẹ́ríkà. Ewu tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, àmọ́ àwọn obìnrin tó wà nínú ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó ọjọ́ orí wọn pọ̀ pín in, nǹkan bí 63 ni, ọ̀pọ̀ ti kọjá menopause tipẹ́, kì í ṣe obìnrin 46 tí nǹkan oṣù ẹ̀ ń ṣe ségesège. Fún ọ̀pọ̀ obìnrin tí ara wọn le tí ò tíì pé 60, èrè ẹ̀ máa ń ju ewu ẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara tàbí tí wọ́n ń fi pa ara kì í sì mú kí ẹ̀jẹ̀ dì bíi ti oníhóró. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí ilé ọmọ ẹ̀ ṣì wà kò gbọ́dọ̀ lo estrogen nìkan láìsí progesterone, họ́mọ́ọ̀nù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ, torí jẹjẹrẹ ilé ọmọ. Àwọn tó ń tà á lábẹ́lẹ̀ kì í sọ ìyẹn.

Wàhálà tibí ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ní kẹ́míìsì àdúgbò, tẹ́ ẹ bá sì rí i, owó ẹ̀ á ga. Àbúrò mi ní ní England, láti April 2023, wọ́n ti ní káàdì kan tí obìnrin ń san owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó máa kárí HRT ẹ̀ fún ọdún kan. Mo ní kó má bà mí nínú jẹ́. Kí n má gbàgbé, àwọn tó ń ta ìyẹ̀fun "hormone balance" nínú gbogbo group WhatsApp wa, tí wọ́n ní ó ń wo iju, ó ń wo ìsanra, ó ń mú kí ọkọ yín padà sílé, Ọlọ́run á dá wa sí lọ́wọ́ yín.

Mo bi Ìyá wa pé báwo ni tiwọn ṣe rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Ta ni kí n sọ ọ́ fún?" Ẹ rántí bó ṣe rí láyé ọjọ́un, obìnrin tó bá ti ní ọmọọmọ, ìtìjú ni kó tún bímọ mọ́ ọmọ ẹ̀ lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti máa ń yẹra fún ọkọ láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ti di ọ̀rọ̀ tí ò sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ó ní ọlá tiẹ̀ o, ìyá àgbà tí kò rí nǹkan oṣù mọ́ lè wọ ibi tí ọmọdébìnrin ò lè wọ̀. Àmọ́ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá wá ń bínú, tí kì í sùn lóru, tó ń dá rìn káàkiri ilé láago mẹ́ta, ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n ń sọ wọ́n. Inú ń bí mi tí mo bá rò ó.

Nílé, ìwé yẹn náà ni mo gbé fún Bàbá Tóbi. Wọ́n wọ jígí, wọ́n kà á, wọ́n ní "Màmá Tóbi, gbogbo èyí ń ṣe yín, ẹ wá ń dáná?" Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ti mọ̀ báyìí pé kéèyàn sọ fún ọkùnrin pé "ẹ máa ní sùúrù fún mi" kì í débì kankan, nǹkan tí ojú rí ni kẹ́ ẹ bèèrè. Mo ní kí fáànù kọjú sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀pà wọn ní pálọ̀, kí wọ́n bá mi san owó físíò. Níléèwé, mo bá headmistress sọ ọ́, wọ́n gbé ìṣirò mi sí àárọ̀ tí orí mi ṣì mọ́, wọ́n sì fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ àwọn tíṣà kí n má máa wá a kiri.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá wá lẹ́yìn tí oṣù 12 ti pé láìrí nǹkan oṣù, bó ti wù kó kéré tó, ẹ má dúró de nǹkan kan, ẹ lọ sí ọsibítù. Èyí tó bá ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà, ẹ lọ. Tí àyà bá ń lù tẹ́ ẹ tún dákú tàbí tí àyà ń dùn yín, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ lọ. Tí ọkàn bá sì rẹ̀wẹ̀sì débi pé ilé ayé ò wu èèyàn mọ́, ìyẹn náà ọsibítù ni, ó ṣeé tọ́jú.

Tíṣà tó wà ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi, ẹni 43, ti ní ahọ́n ń ta òun, ara sì ń yún òun láìsí èélá. Mo ti fún un ní exercise book. Thursday la jọ ń lọ, mo ti ní kó kó gbogbo oògùn àti àgbo tó ń lò sínú ọ̀rá kan, torí dókítà yẹn máa bèèrè.